Kí Ẹ Tó Gé Igi Mángòrò Ẹ̀yìnkùlé Yín

Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìdànrè níhìn-ín léèrè pé irú mángòrò mélòó ni wọ́n mọ̀, méjì ni wọn yóò kà fún yín: ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣẹ́rì. Ọmọ tí ó bá ti gbé Ìbàdàn rí lè fi Opioro kún un. Ó parí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí àwọn ọmọ kan náà bá ń ti ilé-ìwé bọ̀ ní oṣù Kẹrin, igi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọn yóò sọ òkúta sí kí wọ́n tó dé ilé, kò sì sí méjì nínú igi wọ̀nyí tí èso wọn dọ́gba. Ọ̀kan rí roboto, fọ́nrán inú rẹ̀ sì lè há sí ènìyàn léyín títí di ọjọ́ kejì. Èkejì gùn, ó sì tẹ̀ lẹ́nu bí ẹnu ayékòótọ́. Ẹ̀kẹta kì í pọ́n lójú rárá. Tútù ni ènìyàn yóò máa wò ó títí yóò fi jábọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ pọ́n bí epo pupa. Orúkọ ilé ni àwọn ọmọ fi ń pe igi kọ̀ọ̀kan: ti ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, ti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ti ìdí àpáta. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé irú mángòrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ àwọn igi aláìlórúkọ yìí ni mo mú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé a ń gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní 1923 tí wọ́n wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni olúkúlùkù ń gbin igi eléso sí. Nísinsìnyí ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé ti di ojú títì. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ibi tí ṣọ́ọ̀bù yóò sì wà gan-an ni igi mángòrò máa ń dúró sí. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wí. Owó ṣọ́ọ̀bù ni a fi ń rán ọmọ ní ilé-ìwé, àwa olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ bú owó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń gé e: “Kò burú, a ó gbin kóró rẹ̀ sí ibòmíràn.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà mángòrò kì í jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀nà méjì ni mángòrò pín sí ní ti kóró. Nínú irú kìíní, tí púpọ̀ nínú àwọn ti Íńdíà jẹ́, ọmọ kan ṣoṣo ni ó wà nínú kóró. Igi tí ó so èso ni ìyá rẹ̀. Igi tí eṣinṣin àti àwọn kòkòrò mìíràn ti gbé ìyẹ̀fun òdòdó wá ni bàbá rẹ̀. Ọmọ yìí lè jọ ìyá, ó lè jọ bàbá, ó sì lè má jọ ẹnì kankan nínú wọn, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ènìyàn. Bí ìyá bá dùn bí oyin, ọmọ lè kan bí ọtí kíkan. Nínú irú kejì, tí ó pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ bíi Táílándì àti Filipínì, kóró kan lè hu ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ìyá nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ti jáde, wọn kò ní bàbá, èso tí wọn yóò sì so kò ní yàtọ̀ sí ti ìyá wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú èyí tí ó wà ní ilé rẹ̀ kò nílò láti lọ bi ọ̀mọ̀wé kankan. Kí ó gbin kóró mẹ́wàá, kí ó sì ka iye ọmọ tí ó hù láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi èyí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìṣirò àti iṣẹ́ ọ̀gbìn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ọmọ tí ó sùn lọ́jọ́ náà.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó hù, kóró kò ní gba igi náà là fún yín. Ẹ̀ka rẹ̀ ni ẹ ó mú, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọmọ mángòrò mìíràn. N ó dé orí èyí láìpẹ́.

Àlejò ni mángòrò jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká ni ó ti wá, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí wọ́n sì ní orúkọ fún irú rẹ̀ tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Àwọn ará Potogí ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e káàkiri, dé Áfíríkà àti Bràsíl, tòun ti orúkọ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ará gúúsù Íńdíà. Bí orúkọ náà ti ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì ni àwọn Haúsá fi ń pè é ní mangwaro, tí àwa sì ń pè é ní mángòrò. Ṣùgbọ́n àlejò yìí kò ṣàìní ìbátan láàárín àwọn igi tí a mọ̀: ọmọ ìyá ni òun, kájú àti ìyeyè. Ẹni tí oje kájú bá ti bó lẹ́nu rí yóò mọ ìdí tí oje ìdí mángòrò fi máa ń ta àwọn ọmọdé ní ètè. Òro tí a ti ń rí àpọ̀n ọbẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní mángòrò inú igbó, kò bá a tan rárá. Ní ti òórùn bíi kẹrosíìnì tí àwọn kan máa ń bú, kì í ṣe àmì pé èso náà ti bàjẹ́. Irú èròjà tí ó wà nínú oje igi tí wọ́n fi ń ṣe tapẹntáìnì ni ó wà nínú mángòrò pẹ̀lú, ó kàn pọ̀ nínú òmíràn ju òmíràn lọ ni. Mo mọ ọ̀gá ilé-ìwé kan tí kì í jẹ irú mìíràn.

Ẹ má sì rò pé igi aláìlórúkọ inú ọgbà ẹnì kan kò lè di nǹkan. Ní 1902, ní Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀gá ológun kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, John Haden, gbin kóró mángòrò Íńdíà tí à ń pè ní Mulgoba sí ọgbà ilé rẹ̀. Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìyàwó rẹ̀, Florence, ni ó ń tọ́jú àwọn igi náà títí ọ̀kan nínú wọn fi so ní 1910. Èso náà kò jọ ti ìyá rẹ̀. Ó tóbi, ó pọ́n wẹ́wẹ́ lójú, ó sì dùn. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, Haden, òun ni ó sì di bàbá àti bàbá-ńlá fún ọ̀pọ̀ mángòrò tí ọkọ̀ ń kó lọ tà káàkiri ayé lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni Tommy Atkins. Nígbà tí wọ́n gbé ìyẹn síwájú ìgbìmọ̀ àwọn onímángòrò Florida ní àwọn ọdún 1950, wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí pé fọ́nrán inú rẹ̀ pọ̀, adùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn àgbẹ̀ gbìn ín síbẹ̀síbẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ pupa, ó sì lè pẹ́ nínú ọkọ̀ láìrà. Lónìí, bí ẹ bá ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni ó ń rà.

Mo ka ìtàn yìí fún ìyá kan tí ń ta èso lọ́jà wa. Ó rẹ́rìn-ín. “Tísà,” ni ó wí, “adùn kì í gun mọ́tò.” Ó ní èyí tí èèpo rẹ̀ bá nípọn, tí kò bá fọ́ kí ó tó dé Àkúrẹ́, ni òun ń rà, ojú ni oníbàárà fi ń nájà, wọn kì í tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, ó sì yẹ kí àwa tí a ní ẹ̀yìnkùlé ronú sí i. Mángòrò tí ó ń rọ̀ ní ọjọ́ kejì tí a ká a, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí kò sì tóbi, kò lè dé ọjà láéláé, bí ó ti wù kí ó dùn tó. Bí igi rẹ̀ bá kú lẹ́yìn ilé, ó ti tán láyé.

Ní àsìkò mángòrò tí ó kọjá, èmi àti àwọn olùkọ́ mẹ́ta mìíràn jókòó ní yàrá àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ àti àwo mẹ́fà. Mo fi nọ́ńbà sí ara àwo, mo bó èèpo kúrò, n kò sì sọ orúkọ. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ gba ipò kẹta: ẹran rẹ̀ pọ̀, ó yó ni, kò sì ní àléébù púpọ̀. Ṣẹ́rì dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kóró ni ó gba inú rẹ̀, ó di ohun tí à ń lá. Opioro ṣe jẹ́jẹ́ lẹ́nu. Ẹni tí ń ṣọ́ ṣúgà yóò fẹ́ràn rẹ̀. Oníkẹrosíìnì pín ilé sí méjì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Júlì, tí ó ti erékùṣù Trinidad àti Jamaica tàn kálẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni pé a jókòó lé e, kò ní fọ́nrán rárá, ṣíbí ni a fi bù ú jẹ. Tísà ìṣirò wa ní ó dùn jù, pé ó ń há òun lọ́fun. Èmi kò gbà fún un. Àwo kẹfà ni ó gba ipò kìíní lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta nínú àwa mẹ́rin, òun ni kò sì ní orúkọ. Aládé ni mo ń pè é, nítorí pé ní Aládé ni mo ti rí i, ìtàn rẹ̀ sì nìyí.

Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni ó mú kóró kan bọ̀ láti ìrìn-àjò òwò kòkó, kò sì sí ẹni tí ó rántí ìlú tí ó ti mú un wá. Èso rẹ̀ kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Èèpo rẹ̀ tútù, ó kàn pọ́n díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ní fọ́nrán, bí ènìyàn bá sì ti gbé e mì tán ni òórùn kan bí ti èèpo ọsàn yóò tó yọ lẹ́yìn ọ̀fun. Ní 2021 àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà ní Èkó fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí iwájú ilé. Ìyá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, “Tísà, wọ́n ní o mọ bí a ti í so igi mọ́ igi. Wọ́n fẹ́ gé mángòrò bàbá wọn.”

Mo ti gbin kóró mẹ́wàá láti ara igi náà ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn hù. Nítorí náà, ní oṣù Kẹfà, mo gé ẹ̀ka méjìlá, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ọmọ mángòrò méjìlá tí mo ti tọ́ sínú ọ̀rá. Márùn-ún ni ó mú. Ewúrẹ́ aládùúgbò mi kan jẹ ọ̀kan, ó ku mẹ́rin: méjì wà ní ilé mi, ọ̀kan wà ní ilé-ìwé, a sì gbin ọ̀kan sí ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n gé ìyá wọn ní oṣù Kìíní 2022. Ní 2025 ni èyí tí ó dàgbà jù ní ilé mi kọ́kọ́ so, èso mẹ́ta péré ni ó sì pọ́n. Mo mú ìkíní lọ fún ìyá. Ó gbóòórùn ìdí rẹ̀ kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ kóró rẹ̀ mọ́, ó sì tì í bọ inú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. “Ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀,” ni ó wí. Mo ní àkọ́so máa ń kéré. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ni ó béèrè ibi tí méjì yòókù wà.

Nísinsìnyí, bí a ti í ṣe é. Iṣẹ́ yìí kò le ju títọ́ ọmọ kòkó sínú ọ̀rá lọ, èyí tí kò sí àgbẹ̀ Ìdànrè kan tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ gba kóró mángòrò onífọ́nrán èyíkéyìí tí ó bá lágbára. Kí ó jẹ́ tuntun, nítorí kóró mángòrò kì í pẹ́ kú. Ẹ fi ọ̀bẹ la háhá òde rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ yọ ọmọ inú rẹ̀, ẹ gbìn ín. Bí ìtì rẹ̀ bá ti tó pẹ́ńsù, ó tó lẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá lọ sí ìdí igi tí ẹ fẹ́ gbà là. Ẹ yan orí ẹ̀ka tí oòrùn ń rí, tí ó ti gbó díẹ̀, tí kò sì ní òdòdó, kí ó jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìtì ọmọ igi yín. Ẹ gé ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ìdí ewé sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá àwọn ìdí ewé náà yóò já fúnra wọn, ojú tí ó wà lórí ẹ̀ka yóò sì wú. Ìgbà yìí ni kí ẹ gé e. Ẹ bẹ́ ọmọ igi lórí, ẹ fi abẹ mímú là á ní àárín, ẹ gbẹ́ ìdí ẹ̀ka ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó rí ṣóńṣó, ẹ kì í bọ̀ ọ́. Kí èèpo kan èèpo, ó kéré tán ní ẹ̀gbẹ́ kan. Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ dì í le dan-indan-in, ẹ fi ọ̀rá omi tí a ti mu tán bò ó lórí kí ó má baà gbẹ, kí ẹ sì gbé e sí abẹ́ ibòji. Bí ó bá mú, yóò rúwé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èyíkéyìí tí ó bá hù láti ìsàlẹ̀ ojú ìlẹ̀, ẹ já a sọnù, nítorí ti ọmọ igi ìsàlẹ̀ ni, kì í ṣe ti igi yín.

Ẹ ti rí i pé ọjọ́ mẹ́wàá ni ó kéré jù tí a nílò kí àwọn agégi tó dé. Lọ́jọ́ tí igi bá wó, ẹ ṣì lè ṣa ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù wé e, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní tíì wú, díẹ̀ ni yóò sì mú.

Ẹni tí kò bá lè ṣe é lè ra ọmọ igi. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NIHORT, wà ní Ìdí-Iṣin ní Ìbàdàn láti 1975, mángòrò sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà ni ẹ ti ń rà á, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: igi tí a lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àpá níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ta “Júlì” fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí kò ní àpá kankan. Ọdún méje ni ó fi ń bomi rin ín, onífọ́nrán ni ó so.

Ìṣòro tiwa ní ilẹ̀ igbó ni òjò. Inú ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni mángòrò ń tan òdòdó; bí òjò àìròtẹ́lẹ̀ bá rọ̀ lé e lórí, òdòdó yóò dúdú, yóò sì rẹ̀ dànù. Ìdí nìyí tí mángòrò fi ń ṣe dáadáa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní ìpínlẹ̀ Benue ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Àrùn yìí máa ń yọ Júlì lẹ́nu gidigidi. Ẹ gbìn ín síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ẹ sì máa gé ẹ̀ka inú rẹ̀ kí oòrùn lè wọlé. Igi tí ó ti ń so fún ogójì ọdún nínú òjò Ìdànrè, ẹ̀rí nìyẹn pé ó lè fara dà á, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi ṣòfò.

Ní ti eṣinṣin tí í yé ìdin sínú èso, irú kan tí ó ti Éṣíà wá ni ó burú jù, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní Kẹ́ńyà ní 2003. Ẹ máa ṣa èso tí ó bá jábọ́ lójoojúmọ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fi í sínú oòrùn. Bí ẹ bá sì rí àwọn èèrà pupa tí í fi ewé tútù kọ́ ilé sórí igi, ẹ má dáná sun wọ́n. Mo mọ̀ pé wọ́n ń jẹni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí nínú oko mángòrò ní àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ rí i pé níbi tí èèrà wọ̀nyí bá pọ̀ sí, eṣinṣin kì í lè ba èso jẹ́ púpọ̀.

Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ti ní nígbà kan rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kòkòrò funfun kan ya bo mángòrò ní Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn náà. Ewé dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, igi kò so mọ́, àwọn ènìyàn sì mú àáké. Ní 1987 ni wọ́n tú agbọ́n wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n mú wá láti Íńdíà sílẹ̀ ní Tógò. Inú kòkòrò náà ni agbọ́n yìí ń yé ẹyin sí, láàárín ọdún díẹ̀ sì ni àwọn igi tí wọn kò tíì gé tún ń so.

Bí àyè ilé yín kò bá gba ju igi kan lọ, ẹ lè lẹ irú mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ ara igi kan náà, ẹ̀ka kan fún irú kan. Ní Malihabad ní Íńdíà, Haji Kalimullah Khan lẹ bí ọ̀ọ́dúnrún irú mángòrò mọ́ igi kan ṣoṣo, ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ sì fi oyè Padma Shri dá a lọ́lá ní 2008. Mẹ́ta ni ó wà lórí tèmi.

Ọmọ mángòrò mẹ́tàdínlógún ni ó wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilé-ìwé wa báyìí, gbogbo wọn ni ó sì ti tó lẹ̀. Igi kan wà ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Àkúrẹ́ tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí lára. Onílé ti gbà pé kí a gé ewé orí ẹ̀ka rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, ó sì ti bẹ àwọn agégi pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì.